Proxy lórí fóònù: ibi tí wọ́n ń tò ó sí, àti ọwọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ yín ń gbà kọjá

Ẹni tó bá ti fi Nokia kékeré wọ íntánẹ́ẹ̀tì rí, tó ń fi Opera Mini ṣí Facebook lálẹ́, ti lo proxy, bí kò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Opera Mini orí irú fóònù bẹ́ẹ̀ kì í lọ bá ìkànnì fúnra rẹ̀. Ó máa ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ Opera, kọ̀ǹpútà yìí ni yóò lọ gbé ojú ìwé náà wá, yóò fún un pọ̀, yóò sọ àwòrán rẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó tó fi ránṣẹ́ sí fóònù. Lọ́dún 2006 ni wọ́n gbé e jáde fún gbogbo ayé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì dì í mú gírígírí, torí pé dátà wọ́n nígbà náà, ìwọ̀nba téèyàn bá rà ló gbọ́dọ̀ fi ṣe gbogbo nǹkan.

Kọ̀ǹpútà tó dúró sáàárín yẹn ni wọ́n ń pè ní proxy. Kò sí awo kankan níbẹ̀. Ká ní ẹ rán ọmọ aládùúgbò lọ sọ́jà: ojú ọmọ ni ìyá ọlọ́jà rí, kò rí ojú yín. Ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ gbogbo ohun tí ẹ ní kó rà, ó mọ ilé yín, bó bá sì wù ú, ó lè dúró lọ́nà kó tú àpò wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkànnì tí ẹ lọ yóò ṣe rí àdírẹ́sì proxy, tí kò ní rí ti yín, tí ẹni tó ni proxy yóò sì mọ ibi tí ẹ lọ. Ọ̀rọ̀ àpò títú yẹn, bóyá ó ṣeé ṣe tàbí kò ṣeé ṣe, ló gba àlàyé jù. A ó dé ibẹ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi iṣẹ́ tàbí iléèwé ló ń gbé proxy dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò wá a. Ẹ fẹ́ lo Wi-Fi wọn, ọ̀gá tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà wọn sì fún yín ní nọ́ńbà kan pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù kó tó lè ṣiṣẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí àwọn èèyàn ń fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ṣe, wọ́n fẹ́ dí àwọn ìkànnì kan, wọ́n sì lè máa tọ́jú ẹ̀dà ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣí, kí dátà má baà ṣòfò. Àwọn yunifásítì tún ń lo proxy lọ́nà mìíràn: akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nílé máa ń gba ara proxy ilé ìkàwé kọjá, kí ìkànnì tó ní àwọn ìwé ìwádìí tí iléèwé ti sanwó fún lè gbà pé inú ọgbà ló ti ń bọ̀. EZproxy ni ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ń lò fún èyí. A kì í tò ó sínú fóònù rárá, ìlínkì ilé ìkàwé nìkan la fi ń wọlé, torí náà bí ẹnì kan bá ní kí ẹ tìtorí rẹ̀ yí Wi-Fi yín padà, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Ohun tí wọ́n máa fún yín kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni àdírẹ́sì, tó lè jẹ́ orúkọ tàbí nọ́ńbà tó ní àmì ìdánudúró láàárín, bíi 10.0.0.5. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 tàbí 192.168 jẹ́ ti inú ilé náà nìkan. Tí ẹ bá ti jáde ní ọgbà, kò sí ohun tó lè fi ṣe fún yín. Èkejì ni pọ́ọ̀tù, nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí proxy ń gbà gbọ́ ọ̀rọ̀. 8080 ló wọ́pọ̀ jù. 3128 ni Squid, proxy táwọn ọ́fíìsì àti iléèwé ń lò gan-an, máa ń ní bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà. Bí ẹ bá rí 1080, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní SOCKS, èyí kò sì bá àyè Wi-Fi tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí mu, inú áàpù ni wọ́n ti ń lò ó. Wọ́n tún lè fi orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù kún un.

Lórí Android, ẹ kọ́kọ́ so fóònù mọ́ Wi-Fi ọ̀hún. Ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà Network & internet, tàbí Connections tó bá jẹ́ Samsung, kí ẹ wá ṣí Wi-Fi. Ẹ má tẹ orúkọ Wi-Fi náà. Àmì kékeré tó rí róbótó, tó ní eyín yí ká, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni kí ẹ tẹ̀. Lórí fóònù bíi Pixel, ẹ ó tún rí àmì pẹ́ńsùlù lókè; ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ ṣí Advanced options. Lórí Samsung, View more ló máa gbé yín débẹ̀. Tecno, Infinix àti àwọn yòókù ní bí wọ́n ṣe to tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá kò yàtọ̀: Proxy, tí None wà níwájú rẹ̀. Ẹ tẹ None yẹn, kí ẹ yan Manual.

Àyè mẹ́ta ló máa ṣí. Nínú Proxy hostname, ẹ kọ àdírẹ́sì nìkan, ẹ má fi http:// síwájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé inú WhatsApp lẹ ti kọ́pì í, ẹ wò ó lẹ́yìn dáadáa, nítorí àlàfo kékeré kan lè tẹ̀ lé e wá, fóònù á sì kọ̀ ọ́ láìsọ ìdí tó yé èèyàn. Proxy port, nọ́ńbà pọ́ọ̀tù. Bypass proxy for ni àyè ohun tí kò gbọdọ̀ gba ọ̀dọ̀ proxy kọjá. Bí ọ́fíìsì ò bá sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tẹ Save.

Ọ̀rọ̀ kan wà lójú ibẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í kà. Android fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé bíráwúsà, ìyẹn áàpù tí a fi ń ṣí ìkànnì bíi Chrome, ń lo proxy yìí, àmọ́ àwọn áàpù yòókù lè má lò ó. Gbólóhùn kan yìí ló dáhùn ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwọn tó mọ fóònù lójoojúmọ́: “Chrome ń ṣí, kí ló dé tí áàpù yìí ò ṣiṣẹ́?” Ṣe ni Android ń sọ fún áàpù pé proxy wà níbí, kì í fi ipá mú un. Èyí tó bá gbọ́ràn á gbà á kọjá, èyí tó bá ń bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ lọ́nà tirẹ̀ á kọjú sí ọ̀nà tààrà. Bí ọ́fíìsì bá wá ti dí ọ̀nà tààrà yẹn pa, áàpù náà á dúró gbagidi.

Ẹ ó tún rí i pé Android kò ní àyè fún páásíwọ́ọ̀dù níbẹ̀ rárá. Bí proxy bá ń béèrè rẹ̀, bíráwúsà ló máa gbé àpótí kan jáde pé kí ẹ tẹ orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù. Áàpù tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ jáde, ó parí fún un nìyẹn.

Ti iPhone rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Settings, Wi-Fi, ẹ tẹ i kékeré inú róbótó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Wi-Fi, ẹ fà á wá sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi rí Configure Proxy, kí ẹ yan Manual. Server ni àdírẹ́sì, Port ni pọ́ọ̀tù. Bí ẹ bá tan Authentication, àyè orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù á ṣí. Save.

Lórí méjèèjì, ẹ ó rí ọ̀nà kejì, Automatic lórí iPhone, Proxy Auto-Config lórí Android. Ìlínkì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi síbẹ̀, tó sábà máa ń parí pẹ̀lú .pac. Fáìlì tó wà níbi ìlínkì náà ló ń sọ fún fóònù èwo ni kó gba proxy kọjá, èwo ni kó lọ tààrà. Bí iléèwé bá ní irú rẹ̀, òun ni kí ẹ lò. Ó ń gbani lọ́wọ́ títẹ nọ́ńbà.

Gbogbo èyí, Wi-Fi kan ṣoṣo yẹn ló bá wí. Ẹ délé, ẹ so fóònù mọ́ Wi-Fi tiyín, proxy ọ́fíìsì kò tẹ̀ lé yín. Ẹ tan dátà, kò tẹ̀ lé yín síbẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ èyí, tí wọ́n rò pé àwọn ti fara pamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì látàárọ̀, tó sì jẹ́ pé dátà tí wọ́n rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ fóònù ni wọ́n ń lò tààrà, láìsí alárinà kankan.

Proxy ti dátà, inú APN ló wà, ìyẹn ètò tó ń júwe ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì fún síìmù. Lórí Android, ẹ lè rí i ní Mobile network, lábẹ́ Access Point Names. Ti MTN Nàìjíríà tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ni web.gprs.mtnnigeria.net. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí Proxy àti Port láàárín àwọn ìlà tó wà níbẹ̀, Not set ló sì máa ń wà níwájú méjèèjì lóde òní. Láyé àtijọ́ tí WAP wà, ìyẹn íntánẹ́ẹ̀tì kékeré ti fóònù ìgbà yẹn, inú àyè yìí ni ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń kọ proxy tirẹ̀ sí. Kò sí ìdí tí ẹ fi máa fọwọ́ kàn án lónìí. Bó bá sì di dandan, ẹ dá APN tuntun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀, kí ọ̀nà àtipadà lè wà. iPhone kò ní àyè proxy fún dátà nínú Settings lásán.

Àwọn tó bá ayé “free browsing” pàdé yóò ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Opera Mini tí àwọn kan ti tún ṣe, tí wọ́n ń pè ní handler, máa ń ṣí àpótí kan kó tó wọlé, àyè proxy sì wà níbẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń jẹ́ kí àwọn àdírẹ́sì kan ṣí lọ́fẹ̀ẹ́, handler á wá fi orúkọ àdírẹ́sì ọ̀fẹ́ yẹn bo ibi tí ẹ ń lọ gan-an. Wọ́n á dí i lónìí, òmíràn á jáde lọ́la. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè nígbà náà ni ta ló tún áàpù náà ṣe, kí ló sì ń fi páásíwọ́ọ̀dù Facebook tí gbogbo wa ń tẹ̀ sínú rẹ̀ ṣe.

A dé orí ọ̀rọ̀ àpò títú nìyẹn. Bí àdírẹ́sì ìkànnì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú http lásán, proxy rí gbogbo rẹ̀: ohun tí ẹ kà, ohun tí ẹ tẹ̀, páásíwọ́ọ̀dù pẹ̀lú. Ó tún lè yí ojú ìwé náà padà, kó ki ìpolówó tirẹ̀ bọ̀ ọ́, kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bó bá jẹ́ https, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Fóònù á ní kí proxy la ọ̀nà sí ìkànnì náà, ó sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ìkànnì fún un, ṣùgbọ́n ohun tó ń gba inú ọ̀nà yẹn kọjá ti wà ní títì pa. Proxy á mọ̀ pé ẹ lọ sí báńkì báyìí báyìí, ní aago báyìí, bí nǹkan tí ẹ gbé ṣe pọ̀ tó. Kò lè rí iye owó yín, kò lè rí páásíwọ́ọ̀dù.

Àfi bí ẹ bá fún un ní kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní certificate, ìwé ẹ̀rí tí fóònù fi ń mọ̀ pé ìkànnì tí òun ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe ayédèrú. Bí ẹni tó ni proxy bá ní kí ẹ dáunlóòdù certificate tòun, kí ẹ sì gbà á wọlé, ohun tí ẹ ṣe ni pé ẹ sọ fún fóònù kó gba ìwé ẹ̀rí tí onítọ̀hún bá kọ, ìbáà sọ nínú rẹ̀ pé òun ni Google. Látìgbà yẹn, ó lè ṣí https wò kedere, kó tún dì í padà, kó sì gbé e kọjá. Android máa ń kìlọ̀ pé ẹnì kan lè máa ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín. iPhone tilẹ̀ máa ń mú kí ẹ lọ tan án lọ́tọ̀ ní Certificate Trust Settings kó tó fọkàn tán an. Ọ́fíìsì kan wà tó ń ṣe èyí lórí fóònù tí wọ́n fi owó wọn rà fún òṣìṣẹ́, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ẹ má kàn fi fóònù náà wo owó báńkì yín. Lórí fóònù tí ẹ fowó ara yín rà, èmi ò ní gbà á, Wi-Fi ọ̀fẹ́ yòówù kí wọ́n fi sọrí rẹ̀.

Ẹ wá wo àwọn ìkànnì tó to proxy ọ̀fẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ, ti Jámánì, ti Amẹ́ríkà, ti Singapore. Ta ló ń sanwó iná àti íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ lè máa fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ wo fíìmù? Òmíràn nínú wọn jẹ́ kọ̀ǹpútà ẹni tí kò mọ̀ pé òun ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Òmíràn jẹ́ èyí tí àwọn jàǹdùkú orí íntánẹ́ẹ̀tì ti gbà mọ́ olówó lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó kú. Ẹ má fi wọ́n ṣe ohunkóhun tó ní orúkọ yín nínú.

Àwọn áàpù kan ní àyè proxy tiwọn, tí kò kan Wi-Fi tàbí dátà. WhatsApp fi tirẹ̀ kún un ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023: Settings, Storage and data, Proxy. Nítorí àwọn ìlú tí ìjọba ti ń dí WhatsApp ni wọ́n ṣe é. Títì tí WhatsApp ń ti ọ̀rọ̀ yín kò yí padà níbẹ̀, ẹni tó ni proxy kò lè ka ohun tí ẹ kọ, bó tilẹ̀ rí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì yín. Telegram ní irú méjì, SOCKS5 àti MTProto tó jẹ́ tirẹ̀. Ìlínkì kan ṣoṣo ló sábà máa ń gbé e wá, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó to ara rẹ̀. Àwọn tó ń dá MTProto sílẹ̀ lè fi ṣánẹ́ẹ̀lì kan hàn yín lókè gẹ́gẹ́ bí ìpolówó, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

Ṣé VPN kọ́ nìyí? Rárá. VPN máa ń kó gbogbo ohun tó ń jáde nínú fóònù, áàpù gbogbo, Wi-Fi àti dátà, ó máa ń tì í pa láti fóònù títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni VPN. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà dí Twitter láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, VPN ni àwọn èèyàn sáré tọ̀ lọ, wọn ò sì ṣì í, torí áàpù ni wọ́n fẹ́ ṣí, proxy inú Wi-Fi kò sì ní bá wọn débẹ̀ lórí dátà. Àmọ́ alárinà ni ẹni tó ni VPN náà, ìbéèrè tí a bi oníproxy ọ̀fẹ́ lẹ́ẹ̀kan kàn án bákan náà.

Àwọn méjèèjì ló sì nílò pé kí íntánẹ́ẹ̀tì wà. Ní Benin, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2019 tí wọ́n ń dìbò sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kúrò. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ ní Togo ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 nígbà ìwọ́de. Ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ lọ́dún 2020 pé ti Togo yẹn kò bófin mu. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí nọ́ńbà tí ẹ lè tẹ̀ sínú Settings.

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò láìbọ́ sọ́wọ́ àlejò lè lo fóònù méjì. Ẹ tan VPN sórí Android àkọ́kọ́, ẹ tan hotspot rẹ̀, kí ẹ sì fi áàpù tó ń jẹ́ Every Proxy sórí rẹ̀. Áàpù náà á kọ àdírẹ́sì àti pọ́ọ̀tù sójú. Ẹ so fóònù kejì mọ́ hotspot yẹn, ẹ ṣí bíráwúsà rẹ̀, kí ẹ bi Google léèrè pé “what is my IP”. Lórí ọ̀pọ̀ Android, àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ fóònù lẹ máa rí, nítorí hotspot kì í sábà gbé VPN fún ẹlòmíràn. Ẹ wá tẹ nọ́ńbà tí Every Proxy kọ sínú Manual, kí ẹ tún béèrè. Àdírẹ́sì á ti yí padà di ti VPN. Kò sí ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ proxy yéni tó kéèyàn rí nọ́ńbà méjì yẹn tẹ̀ léra wọn.

Bí ó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, Chrome fúnra rẹ̀ máa ń sọ ibi tó ti dí. ERR_PROXY_CONNECTION_FAILED: fóònù ò rí proxy rárá, ẹ yẹ àdírẹ́sì àti pọ́ọ̀tù wò. Nọ́ńbà 407: ó rí i, páásíwọ́ọ̀dù ló ń béèrè. ERR_TUNNEL_CONNECTION_FAILED: ó rí i, ṣùgbọ́n proxy kọ̀ láti la ọ̀nà síbi tí ẹ ń lọ, bóyá wọ́n ti dí i. Bí gbogbo ìkànnì bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ nípa certificate lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má tẹ “proceed”. Ẹ padà sí ibi tí ẹ ti yan Manual, kí ẹ yan None, tàbí Off lórí iPhone.

Ọ̀rọ̀ tó kù kan ẹni tó ra fóònù tòkunbọ̀. Kí ẹ tó fi áàpù báńkì sí i, ẹ wọ Security lórí Android, ẹ wá Trusted credentials, kí ẹ ṣí apá User, ibi tí certificate tí èèyàn fọwọ́ fi sínú fóònù máa ń wà. Ó yẹ kó ṣófo. Lórí iPhone, ẹ wọ General, lẹ́yìn náà VPN & Device Management; kò yẹ kí ẹ bá profile, ìyẹn àkójọ ètò tí ẹlòmíràn fi sínú fóònù, ti ẹnikẹ́ni tí ẹ ò mọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá bá a, ẹ pa á rẹ́. Bó bá kọ̀ tí kò gbà kí ẹ pa á rẹ́, ẹ dá fóònù náà padà fún ẹni tó tà á.